Òkè Ben Nevis: Ibi tí Ọmọdé ti Dá Mi Padà

Láti ìgbà tí mo ti ti ìrìn-àjò dé, kò sí ọjọ́ Ìsinmi kan tí ẹnì kan kì í dá mi dúró lẹ́yìn Mísà láti bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ gun òkè tó ga jù lọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé òótọ́ ni?" Ìdáhùn mi kò yí padà: mo gùn ún, ṣùgbọ́n n kò gùn ún dópin. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ojú-ewé àwọn ìdílé. Ohun tí mo kọ nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Ben Nevis kò sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ tí àwa tí a kàwé Faransé ń pè ní Ẹkọ́sì, tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní Skọ́tíláǹdì, ni ó wà, ní apá àríwá erékùṣù Bìrìtéènì. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò fẹ́ kí a pè wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rárá, bí ará Ṣábẹ̀ẹ́ kò ti ní fẹ́ kí a pè é ní ará Kétu.

Àbúrò mi obìnrin ló ń gbé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ní ìlú Glasgow, ará Abẹ́òkúta sì ni ọkọ rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ó ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Àkọ́bí rẹ̀ jẹ́ ọmọkùnrin ọdún 17. "Bàbá Kétu" ni ọmọ náà ń pè mí láti kékeré, nítorí pé orí tẹlifóònù ni ó ti mọ̀ mí, Kétu sì ni ohùn mi ti ń wá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, wọ́n ti kọ́ wọn bí a ti ń rìn lórí òkè, bí a ti ń ka àwòrán ilẹ̀, àti bí a ti ń lo kọ́ńpáàsì tó ń tọ́ka sí àríwá. Òun ló dá a lábàá pé kí a lọ sí Ben Nevis. Mo gbà kíákíá. Mo tilẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ mi ní Kétu ti fún mi ní aṣọ funfun kékeré kan tí gbogbo wọn kọ orúkọ sí. Mo tẹ̀ wọ́n láago, mo ṣèlérí pé èmi yóò na aṣọ náà níbi tó ga jù ní gbogbo Bìrìtéènì, wọn yóò sì rí fọ́tò rẹ̀. Ẹ fi ìlérí yìí sọ́kàn, nítorí díẹ̀ ló kù kí ó pa mí.

Òkè náà fúnra rẹ̀

Àwa mẹ́ta ni a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Glasgow: àbúrò mi, ọmọ rẹ̀ àti èmi. Ó tó wákàtí mẹ́rin kí a tó dé Fort William, ìlú kékeré kan létí omi òkun tó wọ inú ilẹ̀. Láti ọdún 1894 ni ojú irin yìí ti wà. Nígbà tí àwọn tó ń là á dé àbàtà ńlá kan tí à ń pè ní Rannoch Moor, ilẹ̀ ń gbé gbogbo ohun tí wọ́n bá kó lé e mì. Wọ́n wá kó ìdì ẹ̀ka igi, yẹ̀pẹ̀ àti eérú dà sínú ẹrẹ̀ náà, wọ́n sì tẹ́ irin lé e lórí. Títí di òní ni ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀. Bí a ti ń lọ, a kò rí ilé, a kò rí oko, àfi koríko rírẹ̀dòdò, omi dúdú àti àgbọ̀nrín tó dúró tó ń wò wá.

Gíga Ben Nevis jẹ́ mítà 1,345. Títí di ọdún 2016, 1,344 ni wọ́n máa ń kọ. Ní ọdún náà ni àwọn awọnlẹ̀ tún un wọ̀n, tí wọ́n fi mítà kan kún un. Kì í ṣe pé òkè náà dàgbà o, irinṣẹ́ ìwọ̀n ló dára sí i. Ẹ fi wé tiwa. Òkè Sokbaro, tó ga jù ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, jẹ́ mítà 658. Òkè Agou ní Tógò jẹ́ 986. Àwọn òkè òkúta Ṣábẹ̀ẹ́ tí a máa ń wò láti ojú ọ̀nà, tí ẹnu máa ń yà wá sí, kò tó ìyẹn.

Ẹni tó rántí ẹ̀kọ́ ilé-ìwé yóò sọ pé òkè Mont Blanc ju ìlọ́po mẹ́ta Ben Nevis lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló mú kí Ben Nevis le. Èkíní, ẹsẹ̀ òkun gan-an ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, nítorí náà kò sí mítà kan tí wọ́n bá ọ gùn sílẹ̀. Èkejì, àríwá jíjìnnà ló wà, ẹ̀fúùfù òkun Àtìláńtíìkì sì ń kọlù ú tààrà. Òjò tó ń rọ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún kan ju mítà 4 lọ. Ní tiwa ní Kétu, mítà kan àti díẹ̀ ni. Bí a bá sì da òtútù gbogbo ọdún pọ̀ lórí òkè náà, kí a pín in dọ́gba, ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí òdo, ibi tí omi ti ń dì.

Àwọn tó mọ ìtàn òkúta sọ pé ní nǹkan bí 400 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkè oníná ni ó wà níbẹ̀. Àárín òkè náà rì wọ inú òkúta yíyọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, yìnyín ńláńlá tó bo gbogbo ilẹ̀ náà gbẹ́ ohun tó kù, bí ẹni fi àáké gbẹ́ ọpọ́n. Ìdí nìyí tí òkè kan fi ní ojú méjì. Ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn rí bí ẹ̀yìn erin, ẹsẹ̀ lè gbà á. Ìhà àríwá jẹ́ ògiri òkúta tó ga tó mítà 700. Ní èdè Gaelic, tí í ṣe èdè àwọn baba ńlá wọn, àwọn kan ní ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni òkè búburú. Àwọn mìíràn ní òkè tí orí rẹ̀ wà nínú ìkùukùu ni. Ní ọjọ́ tí a lọ, méjèèjì ló bá a mu.

Ọ̀nà òkè

Agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ ni a kúrò ní àfonífojì Glen Nevis. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 17, wákàtí méje sí mẹ́sàn-án sì ni ó máa ń gba ènìyàn. Kí a tó gbé ẹsẹ̀, ọmọ náà dá mi dúró. "Bàbá Kétu, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn kan. Wọ́n to òkìtì òkúta sẹ́bàá ọ̀nà lókè lọ́hùn-ún. Bí a bá dé ibi tí a kò ti rí òkìtì tó kàn mọ́, a ó padà. A kò ní jiyàn sí i." Mo ní ó dára. Mo gbà á bí àgbà ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé kí ó lè jẹ́ kí wọ́n máa lọ.

Òkúta ni wọ́n tò bí àtẹ̀gùn lójú ọ̀nà náà. Àgùntàn ń jẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì, ewéko ìmọ̀ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú. Ọ̀nà yìí ní ìtàn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ní ọdún 1881, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Clement Wragge máa ń gun òkè yìí lójoojúmọ́, òjò ni o, ẹ̀fúùfù ni o, láti lọ wọn bí ojú ọjọ́ ti rí lókè. Ìyàwó rẹ̀ ń wọn tirẹ̀ nísàlẹ̀ ní Fort William, kí a lè fi méjèèjì wéra. Ẹ̀yin tọkọtaya, ẹ wo bí iṣẹ́ ti ń dùn nígbà tí ẹni méjì bá gbé e! Ní ọdún 1883, wọ́n la ọ̀nà tí a ń tọ̀ yìí fún ẹṣin, wọ́n kọ́ ilé òkúta sórí òkè, àwọn ọkùnrin sì ń gbé inú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, lọ́dún dé ọdún, tí wọ́n ń ka ojú ọjọ́ ní wákàtí-wákàtí. Ní ọdún 1904 ni owó tán tí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó lo àkókò níbẹ̀ ni C. T. R. Wilson. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1894. Ó rí bí oòrùn ti ń ta òrùka aláwọ̀ mèremère yí òjìji ká lára ìkùukùu. Nígbà tó padà sí Cambridge, ó gbìyànjú láti ṣe irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ nínú ìgò. Inú ìgò náà ni ó ti rí ọ̀nà láti fi ipa ohun tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ hàn, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1927. Kùrukùru tí gbogbo ayé ń sá fún ni ó sọ ọ́ di olókìkí.

Lẹ́yìn wákàtí méjì, a dé adágún omi kan tó wà ní nǹkan bí mítà 570. Oòrùn ń ràn sí i lára, ó ń dán bí abọ́ fàdákà. A jókòó, a jẹ búrẹ́dì àti ẹyin tí àbúrò mi dì fún wa. Àwọn ènìyàn ń kọjá: ìyá arúgbó méjì pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, bàbá kan tó gbé ọmọ kọ́ ẹ̀yìn, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ bàtà kànfáàsì bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ó ju 100,000 ènìyàn tó ń gun òkè yìí lọ́dọọdún, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi rò pé eré ni.

Lẹ́yìn adágún náà, a ré odò tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Red Burn kọjá, ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ kọ́lọkọ̀lọ lórí òkúta fífọ́. Koríko tán. Igi ti tán tipẹ́. Òtútù ń pọ̀ sí i bí a ti ń gòkè, títí mo fi wọ gbogbo aṣọ inú àpò mi lé ara wọn. Ní nǹkan bí mítà 1,200, mo fi ẹsẹ̀ tẹ òjò dídì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ó bi mí bí ó ti rí. Ó dà bí yìnyín inú fíríìjì tí ẹnì kan lọ̀ kúnná, ó sì ń dún fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ lábẹ́ bàtà. Mo tọ́ ọ wò. Kò ní adùn kankan. Inú mi dùn bí inú ọmọdé.

Àríyànjiyàn

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn tí ìkùukùu fi bò wá. Funfun wà lẹ́sẹ̀, funfun wà lórí, funfun wà níwájú. N kò mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí tí ojú ọ̀run sì ti bẹ̀rẹ̀. Òkìtì òkúta tó wà lẹ́yìn wa ṣì ń hàn fírífírí. Èyí tó kàn níwájú kò hàn.

Ọmọ náà dúró. "Bàbá Kétu, ẹ jẹ́ ká padà."

Mo wo aago mi, agogo 12 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ohun tó kù fún wa ní gíga kò tó mítà 150. Mo ní, "Àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ níwájú wa. Ipa ẹsẹ̀ wọn nìyí."

"Afẹ́fẹ́ ti ń pa á rẹ́, Bàbá."

Nígbà náà ni mo pa òwe fún un, tí mo sì pa á kíkan-kíkan: "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà!"

Ó dorí kodò bí ọmọ tí a kọ́. Ṣùgbọ́n ó fèsì. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Kétu ni ẹ ti gbó àwọn àkísà yẹn. Kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti òjò dídì nínú wọn." Ó ṣí àwòrán ilẹ̀ hàn mí. Ní ọwọ́ kan, ọ̀nà súnmọ́ etí ògiri àríwá tó ga tó mítà 700. Ní ọwọ́ kejì, ọ̀gbun kan wà tí wọ́n ń pè ní Five Finger Gully, èyí tí àwọn tó ń sá fún ògiri àríwá máa ń ṣìnà bọ́ sí. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti orí òkè nínú ìkùukùu gbọ́dọ̀ rin mítà 150 ní ìwọ̀n 231 lórí àwòrán ilẹ̀, kí ó tó yà sí ìwọ̀n 282. Bí ó bá yà yá jù, ògiri ni. Bí ó bá pẹ́ jù, ọ̀gbun ni. Ọmọ náà ní, "Mo mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n n kò ṣe é rí nínú òjò dídì, pẹ̀lú ẹni tí mo ní láti mójú tó. Màmá mi ní kí n mú yín délé."

Ẹni tó ní láti mójú tó, èmi ni! Èmi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ bíi tirẹ̀! Inú bí mi. Mo fi ọwọ́ kan aṣọ funfun inú àpò mi, mo sì gbé ẹsẹ̀ síwájú. Ọmọ náà bọ́ sí iwájú mi, ó dínà. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ohun tó gba ọmọ tí a kọ́ dáadáa kí ó tó lè dínà fún àgbà. Ó ń gbọ̀n. N kò rò pé òtútù nìkan ni.

Mo yí padà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé mo gbà pé ó tọ̀nà. Ojú tì mí láti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn nìkan ni. Títí a fi dé ìsàlẹ̀, n kò bá a sọ ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ. Nígbà tí a tún dé ibi adágún omi, oòrùn ṣì ń ràn níbẹ̀, èyí sì tún dá kún ìbínú mi. Àbúrò mi gbé ìrẹsì fún wa ní ilé tí a wọ̀ sí. Ó wo èmi, ó wo ọmọ rẹ̀, kò bi wá ní nǹkankan.

Ojú kejì òkè náà

Ní ọ̀tunla, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìsàlẹ̀." A gba inú igbó, a tẹ̀lé odò Allt a' Mhuilinn fún nǹkan bí wákàtí méjì, títí a fi dé ilé òkúta kékeré kan ní mítà 680, lábẹ́ ògiri àríwá gan-an. Àwọn òbí kan, William àti Jane Inglis Clark, ló kọ́ ọ ní ọdún 1929 ní ìrántí ọmọ wọn Charles, tí ogun pa ní Mesopotámíà ní ọdún 1918. Ọmọ náà fẹ́ràn òkè, nítorí náà wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn tó ń gun òkè. Mo fi ọwọ́ kan ògiri ilé náà, mo sì rántí wọn nínú àdúrà.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé ojú sókè. Òkúta dúdú dìde níwájú mi bí odi ìlú tí kò ní ẹnu-bodè. Ní etí rẹ̀ lókè téńté, òjò dídì yọ síta ju òkúta lọ, bí ìrùlé tó yọ kọjá ògiri. Kò sí nǹkankan lábẹ́ rẹ̀ àfi afẹ́fẹ́. Ọmọ náà nawọ́ sí i, ó ní, "Ẹni tó bá wà lókè nínú ìkùukùu yóò rò pé ilẹ̀ ni." Bí a ti ń wò ó, díẹ̀ já nínú rẹ̀. Ó jábọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo jókòó sórí òkúta. Mo rò ó pé ẹsẹ̀ mi wo ni ì bá tẹ ibẹ̀. Mo tún rò nípa àwọn ará Fort William àti agbègbè rẹ̀, ẹgbẹ́ agbanilà orí òkè ti Lochaber, tí wọ́n máa ń kúrò lórí ibùsùn wọn lóru láti lọ wá ẹni tó sọnù, láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ ta ni ì bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu láti wá gbé òkú mi? Mo wá sọ ọ̀rọ̀ tó ṣòro fún àgbà láti sọ. Mo ní, "Ìwọ lo tọ̀nà. Èmi ni mo ṣì. Má bínú." Ó ní, "Kò burú, Bàbá." Ó bu tíì láti inú fúláàsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Kí n tó padà sí Kétu, mo fi aṣọ funfun náà lé e lọ́wọ́.

Ní oṣù kẹjọ, òun àti olùkọ́ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gun òkè náà ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́. Ohun tó sọ fún mi nìyí. Orí òkè náà kò ṣe ṣóńṣó. Pápá òkúta gbalasa ni, bí ẹni pé ọkọ̀ ńlá ló wá da òkúta síbẹ̀. Àlàpà ilé àwọn aka-ojú-ọjọ́ ṣì wà, wọ́n sì ṣe ibùgbé kékeré kan lé e lórí fún ẹni tí ìjì bá ká mọ́. Àwọn ẹyẹ kéékèèké aláwọ̀ funfun-dúdú ń ṣa èérún búrẹ́dì lẹ́sẹ̀ ènìyàn. Ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ilẹ̀, John Muir Trust, ló ra òkè náà ní ọdún 2000, wọ́n sì ń bẹ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n gbé ìdọ̀tí wọn padà sísàlẹ̀, títí kan èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní ọdún 2006, nígbà tí wọ́n ń tún orí òkè ṣe, dùrù ńlá kan ni wọ́n bá lábẹ́ òkìtì òkúta! Ọkùnrin kan, Henry Alexander, sì ti wa ọkọ̀ Ford dé ibẹ̀ ní ọdún 1911. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sá eré lọ síbẹ̀ kí wọ́n sì sá padà: Kenny Stuart ṣe é ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 25 ní ọdún 1984. Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù mọ ìwọ̀n ara rẹ̀.

Ọmọ náà fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó dúró lórí òkìtì òkúta, ó fi ọwọ́ méjèèjì na aṣọ funfun náà, a sì lè ka orúkọ àwọn ọmọ wa lára rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀: "Bàbá Kétu, aṣọ yín ti dé òkè. Ó ku ẹ̀yin."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ àti ẹbí lókè òkun, bí wọ́n bá pè yín lọ sí irú ibẹ̀, ẹ lọ. Ẹ wọ bàtà tó le, ẹ mú aṣọ òjò àti aṣọ òtútù, oúnjẹ, iná ìléwọ́, àwòrán ilẹ̀ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè bí ojú ọjọ́ yóò ti rí. Ẹ sì ṣe àdéhùn ìpadà ní ìsàlẹ̀, nígbà tí orí ṣì tutù. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. A máa ń pa òwe náà nínú ìpàdé, nígbà tí ọmọdé bá sọ ohun tó dùn mọ́ wa. Ọjọ́ tó bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ wa ni a ó mọ̀ bóyá a gba òwe náà gbọ́.

Fọ́tò náà wà lára ògiri kíláàsì wa báyìí. Àwọn ọmọ tuntun tó bá wọlé máa ń wò ó, wọ́n á ní, "Katikíìsì, ẹ̀yin dà nínú rẹ̀?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé Kétu ni mo wà nígbà tí wọ́n yà á, mo sì wà láàyè.